Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti: Ìyàwó Àlùfáà tí ó Kó Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá lọ sí Ààfin Aké

Bí a bá dárúkọ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lónìí, ohun mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Àkọ́kọ́ ni pé ó wà lára àwọn obìnrin tí ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Èkejì ni pé òun ni ó bí Fẹlá olórin. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn sójà jù ú sílẹ̀ láti ojú fèrèsé nígbà tí ó ti di arúgbó. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ fún wa nípa iṣẹ́ tí obìnrin yìí fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe, èyíinì ni iṣẹ́ ìjọba ìlú àti ìṣèlú ẹkùn. Iṣẹ́ náà ni a fẹ́ mẹ́nu bà níhìn-ín, nítorí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Obìnrin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tẹ̀ lé, tí ọba ńlá sì tìtorí rẹ̀ kúrò lórí oyè fún ìgbà kan, kò fi ìgbà kan rí wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nípasẹ̀ ìbò. Báwo ni èyí ṣe ṣẹlẹ̀?

Ìlú Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900. Daniel Thomas ni orúkọ bàbá rẹ̀, Lucretia Phyllis sì ni ìyá rẹ̀. Ìdílé bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí à ń pè ní Sàró, àwọn ọmọ ẹrú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Sàró, tí wọ́n sì wá ọ̀nà padà sílé nígbà tí ó yá. Àwọn Sàró wọ̀nyí ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ Kristi kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé Abẹ́òkúta ní 1846, àwọn sì ni òpó tí ìjọ Ọlọ́run fi ẹ̀yìn tì ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ ni a sọ ọmọ náà nígbà tí a ṣe ìrìbọmi fún un.

Ní 1914, Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga ti Abẹ́òkúta, tí ó ti jẹ́ ti ọkùnrin nìkan tẹ́lẹ̀, ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin. Mẹ́fà péré ni wọ́n, Fúnmiláyọ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé. Ní 1919 àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé ẹ̀kọ́ Wincham Hall ní ẹkùn Cheshire. Nígbà tí ó fi padà dé ní 1922, ó ti pa Frances àti Abigail tì. Ó ti rí bí wọ́n ṣe ń wo ènìyàn dúdú ní ọ̀hún, láti ìgbà náà lọ ni ó sì ti ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ nìkan.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti. Ilé àlùfáà ni ó wọ̀, nítorí pé Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí a mọ̀ nínú ìjọ nítorí àwọn orin Yorùbá tí ó kọ, tí ohùn rẹ̀ sì wà lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, ni bàbá ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà, NUT, tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Ní 1932 ni ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìyàwó rẹ̀ ti kàwé jáde. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n tọ́ dàgbà: Dolúpọ̀, Olíkóyè, Olúfẹlá àti Bẹ́kọ̀lárí. Gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé nípa ìgbéyàwó wọn ni ó gbà pé ìmọ̀ràn kan náà ni tọkọtaya náà ń gbà. A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyàwó náà gbé ẹ̀sìn àti ọkọ tì kí ó tó bọ́ sí ìta gbangba. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún 1932 yìí náà ni ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó olùkọ́, ìyàwó àlùfáà àti àwọn tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ wá ni. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ ọwọ́, ìsè oúnjẹ àti ìwà ọmọlúwàbí, wọ́n ń pàdé mu tíì, wọ́n sì ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún aláìní. Ohun dáradára ni, irú rẹ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa títí di òní. Ṣùgbọ́n láàrin ẹgbẹ́ náà àti àwọn obìnrin tí ń pàtẹ lọ́jà, odò ńlá wà níbẹ̀, kò sì sí afárá.

Ní nǹkan bí ọdún 1944 ni afárá náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. A mú obìnrin ọlọ́jà kan wá bá a, tí ó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Láti orí ẹyọ ẹnì kan yìí ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà àti kíkọ, bí wọ́n sì ti ń kọ́ wọn ni àwọn ìyá náà ń tú ẹrù ọkàn wọn sílẹ̀. Ogun Jámánì kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ìjọba sì ń wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun. Àwọn aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á, nígbà mìíràn ní owó tí kò tó nǹkan, nígbà mìíràn láìsan kọ́bọ̀. Àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé náà kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ. Nígbà tí a kò dá wọn lóhùn, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, ìjọba sì dáwọ́ ìrẹsì gbígbà dúró ní 1945.

Ìṣẹ́gun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó yí ẹgbẹ́ náà padà pátápátá. Ní 1946 wọ́n pa orúkọ àtijọ́ tì, wọ́n sì di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin, ìbáà mọ̀wé, ìbáà má mọ̀wé. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nípàdé. Ìyá Ransome-Kuti pàápàá bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ró ìró, ó ń wé gèlè, kí ó má baà sí ohun tí yóò ya òun àti àwọn ìyá ọlọ́jà nípá. Bí ó bá sì dé iwájú àwọn òyìnbó aláṣẹ, Yorùbá ni ó máa ń sọ, kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀ tiwọn! Nígbà tí ẹgbẹ́ náà fi gbilẹ̀ tán, 20,000 obìnrin ni a sọ pé orúkọ wọn wà nínú ìwé, láìka àwọn tí ń tẹ̀ lé wọn láti ìta.

Kí ni wọ́n ń bá jà? Ó yẹ kí a ṣàlàyé èyí dáadáa. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó-orí lélẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ọdún náà gan-an ni Ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá yòókù, ọkùnrin ni ń san owó-orí. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ó tilẹ̀ wà nílé ọkọ, ọmọbìnrin tí ó bá sì ti pé ọdún 15 ni owó-orí kàn. Àwọn agbowó-orí a wọlé onílé láti wá àwọn tí kò san. Èyí tí ó burú jù lọ, tí àwọn obìnrin náà sì ké sí ayé gbọ́, ni pé nígbà mìíràn wọn a tú ọmọbìnrin síhòòhò láti wò ó bóyá ó ti tó ọjọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a bí ọmọbìnrin ro èyí wò.

Owó yìí lọ sábẹ́ àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo. Lábẹ́ ètò tí àwọn òyìnbó ṣe, Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tí ó ti wà lórí oyè láti 1920, ni aláṣẹ kan ṣoṣo fún ìjọba ìbílẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ọba Ẹ̀gbá kò lè dá pàṣẹ láìsí àwọn Ògbóni, àwọn Pàràkòyí àti àwọn olóyè ogun. Àwọn obìnrin náà ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fún wọn, èyíinì ni Ìyálóde. Ètò àwọn òyìnbó pa gbogbo èyí tì, kò sì sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ohun tí ẹgbẹ́ náà béèrè kò ju mẹ́rin lọ: kí a mú owó-orí kúrò lórí obìnrin, kí a gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó dípò rẹ̀, kí a fi obìnrin sínú ìgbìmọ̀, kí ètò aláṣẹ kan ṣoṣo sì dópin. Wọ́n kọ lẹ́tà, wọ́n rán aṣojú, wọ́n tilẹ̀ gba oníṣirò owó láti yẹ ìwé ìnáwó ìjọba ìbílẹ̀ wò.

Láàrin ìjàkadì yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán aṣojú méje lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1947, lábẹ́ Azikiwe, láti tako òfin ìṣèjọba tí Gómìnà Richards gbé kalẹ̀. Ìyá Ransome-Kuti nìkan ni obìnrin láàrin wọn. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, ó kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ kan pé ìjọba amúnisìn ti gba ipò tí obìnrin Yorùbá ní tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé kí òun tó dé. Àwọn ènìyàn pàtàkì kan bínú, wọ́n ní ó ba ìlú lórúkọ jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ọlọ́jà dúró ti ìyá wọn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tí wọ́n ju 10,000 lọ rọ́ lọ sí ààfin Aké. Àwa ọmọ ìjọ mọ ohun tí à ń pè ní ìṣọ́ òru. Ìṣọ́ òru gidi ni àwọn ìyá yìí ṣe lọ́jọ́ náà, ní ìta gbangba, títí ilẹ̀ fi mọ́ ní ọjọ́ 30. Wọ́n ń kọrin, a kò sì ní fi pa mọ́ pé púpọ̀ nínú orin náà jẹ́ orin èébú sí ọba àti sí àwọn aláṣẹ. Aláké ṣèlérí pé a óò dá owó-orí obìnrin dúró, wọ́n sì túká. Ìlérí náà kò ṣẹ, kàkà bẹ́ẹ̀ a mú àwọn kan lára wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá wọ́n tún padà lọ, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ títí a ó fi tú àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn sílẹ̀. Ìta ààfin ni wọ́n sùn títí di ọjọ́ 10, nígbà tí a tú wọn sílẹ̀. Bí àwọn aláṣẹ bá kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ fún ìwọ́de, ìyá wọn a ní àríyá ni wọ́n ń lọ ṣe. Ó tún kọ́ wọn bí a ṣe ń dáàbò bo ojú bí àwọn ọlọ́pàá bá yin tajútajú.

Àwọn kan wí nígbà náà, a sì ṣì ń gbọ́ ọ títí di òní, pé kò yẹ kí ìyàwó àlùfáà máa ṣíwájú irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bú ọba. A gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Orí adé ni ọba, Ìwé Mímọ́ sì kọ́ wa láti bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ kan náà sọ nípa àwọn tí ń jẹ ilé opó run, bẹ́ẹ̀ ni opó wà nínú àwọn tí à ń gba owó-orí lọ́wọ́ wọn. Bí orin náà bá korò, a kò rò pé ó korò tó ohun tí ojú ọmọbìnrin ń rí lọ́wọ́ agbowó-orí.

Ní 1948 a dá owó-orí obìnrin dúró. Ní oṣù keje ọdún kan náà àwọn Ògbóni pàápàá kẹ̀yìn sí Aláké, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù náà, ó kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 ó kéde pé òun fi oyè sílẹ̀. A fòpin sí ètò aláṣẹ kan ṣoṣo, a sì fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ tuntun tí ń ṣàkóso ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Ìyá Ransome-Kuti sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Lójú tiwa, àga mẹ́rin wọ̀nyí ju lílọ ọba lọ, nítorí pé Ọba Adémọ́lá padà dé ní oṣù kejìlá ọdún 1950, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1962.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá gbójú sókè sí ẹkùn. Ó ti dá Ẹgbẹ́ Obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1949, kí ohun tí wọ́n ṣe ní Abẹ́òkúta lè dé àwọn ìlú mìíràn. Nígbà tí òfin Macpherson dé, tí a sì fẹ́ yan àwọn aṣòfin fún Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1951, ó jáde lábẹ́ ẹgbẹ́ NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ. Kò wọlé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ìdìbò ọdún yẹn kì í ṣe èyí tí olúkúlùkù ń dìbò yan ẹni tí ó fẹ́ tààrà. Àwọn ará àdúgbò a yan àwọn kan, àwọn wọ̀nyí a sì lọ yan àwọn mìíràn. Ẹni tí ó bá san owó-orí nìkan ni ó sì lè dìbò. Owó-orí tí obìnrin Ẹ̀gbá fi oorun du ara wọn kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó wá di kọ́kọ́rọ́ àpótí ìbò! Àwọn tí ó sùn síta ààfin nítorí rẹ̀ kò lè dìbò fún un. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ohun tí ó jẹ́ kí òun pàdánù nìyẹn.

Kò jókòó sílé. Ní 1953 ó pe àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti oríṣìíríṣìí apá orílẹ̀-èdè wá sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ láti béèrè ẹ̀tọ́ ìbò fún gbogbo obìnrin. Margaret Ekpo, láti Ìlà-Oòrùn, jẹ́ alájọṣe rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ní Ìlà-Oòrùn, gbogbo àgbàlagbà obìnrin ti ń dìbò láti 1954. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn tí ń san owó-orí nìkan ni, títí di 1959. Àwọn obìnrin Àríwá kò rí ẹ̀tọ́ náà gbà títí di 1976.

Ní 1956 ó rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Kì í ṣe pé ó di ọmọ ẹgbẹ́ kọ́múnístì, ṣùgbọ́n nígbà náà ẹni tí ó bá ti lọ síbẹ̀, ojú burúkú ni ìjọba fi ń wò ó. Ìjọba Balewa kọ̀ láti tún páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣe, ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà sì kọ̀ láti fún un ní físà. Ó di ẹni tí kò lè jáde mọ́ fún ọdún bíi mélòó kan.

Ìgbà tí ó fi di 1959, tí gbogbo obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn lè dìbò nígbẹ̀yìn, a lè rò pé àkókò rẹ̀ ti tó. Ó ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ NCNC ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó ti jẹ́ olórí àwọn obìnrin wọn. Ó béèrè pé kí ẹgbẹ́ fa òun kalẹ̀ fún ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Wọ́n fa ọkùnrin kalẹ̀. Ó jáde fúnra rẹ̀ láìsí ẹgbẹ́. Ìbò NCNC pín sí méjì, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì gba ipò náà. Àwọn NCNC lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ tí ó ti fi ọdún méjìlá sìn. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Commoners' People's Party, ṣùgbọ́n kò ju bí ọdún kan lọ tí ó fi fọ́n ká. Bóyá ó yẹ kí ó ní sùúrù díẹ̀ sí i, kí ó má fún àwọn alátakò láǹfààní. Ṣùgbọ́n a kò rí ọkùnrin tí ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹgbẹ́ ní kí ó lọ jókòó. Ní 1961, Margaret Ekpo wọ ilé ìgbìmọ̀ Ìlà-Oòrùn láti ìlú Àbá.

Ọkọ rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹrin ọdún 1955. Lẹ́yìn tí ìṣèlú ti kọ̀ ọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí ó fi sọrí ọkọ náà ní Abẹ́òkúta, Reverend Kuti Memorial Grammar School, gba púpọ̀ nínú agbára rẹ̀. Ọlá dé lẹ́yìn náà. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè dá a lọ́lá ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin ní 1968. Nígbà tí Fẹlá yí orúkọ rẹ̀ padà sí Aníkúlápó ní àwọn ọdún 1970, ìyá rẹ̀ náà gbà á, ó ń jẹ́ Aníkúlápó-Kuti.

Ilé Fẹlá ní Múṣin ni ó wà ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, nígbà tí àwọn sójà ya wọ ibẹ̀. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sun ilé náà, wọ́n sì ju ìyá ẹni ọdún 76 sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀ ní sójà tí a kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé náà. Ara ìyá kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, wọ́n gbé e padà sí Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ọlọ́jà ti ìsọ̀, ọjà dá pé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì tẹ̀ lé pósí náà. Inú ibojì kan náà tí ọkọ rẹ̀ ti ń sinmi láti 1955 ni a tẹ́ ẹ sí.